Ta Ló Sọ Ọ́ Lórúkọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn tí Wọ́n Ń Pè ní Hípísítà

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo rí yín, mo sì kí yín. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ aró àti àdìrẹ ni n óò sọ, nítorí iṣẹ́ yẹn ni ìyá mi fi tọ́ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo níhìn-ín, òun náà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ tèmi. N óò kan aró lára tó bá yá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni mo gbé wá, ìbéèrè tí ọmọ kan bi mí tí n kò rí èsì fún lójú ẹsẹ̀.

Ọmọkùnrin náà ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó ti jáde yunifásítì kó tó wá bá mi pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni òun fẹ́ mọ̀. Ó dá irùngbọ̀n sí, ó sì kún dáadáa. Òkìrìkà ni ṣòkòtò tó máa ń wọ̀. Kámẹ́rà tó máa ń gbé kọ́rùn, ti bàbá rẹ̀ ni, irú èyí tó ń lo fíìmù, tí ènìyàn á ya àwòrán mẹ́rìndínlógójì tán kó tó mọ èyí tó dára nínú wọn. Ó tún ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin. Á gbé e wá sí ìdí aró, a ó sì máa gbọ́ Haruna Ishola bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ ya aṣọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kọ sí i: “Hípísítà.” Inú ọmọ náà bàjẹ́. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ, ó ní, “Mọ́mì, ṣé èébú ni àbí oríyìn?”

Mo lọ wádìí rẹ̀. Mo bi àwọn tó mọ̀, mo kà, mo tún ronú lé e. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní, àwọn olórin dúdú ní Amẹ́ríkà ló sì ni ín. Láàárín ọdún 1930 sí 1950, bí wọ́n bá ní ẹnì kan jẹ́ “hip”, wọ́n ń sọ pé ojú rẹ̀ là ni: ó gbọ́ orin dénú, kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án jẹ. Ẹni tí ojú rẹ̀ là bẹ́ẹ̀ ni hípísítà. Onímọ̀ èdè kan tilẹ̀ dábàá pé láti inú èdè Wolof ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ni ọ̀rọ̀ náà ti bá àwọn ẹrú kọjá òkun, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kí ènìyàn la ojú. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà fún un, wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. N kò ní bá wọn dá ẹjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sún mọ́ tiwa tó: ọ̀làjú. Bí àwọn olórin Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, ṣe ń yin ara wọn ni àwọn bàbá wa náà ṣe ń yin ẹni tó bá ti mọ ibi tí ayé ń lọ.

Ní Harlem náà, nígbà tí ọdún 1940 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Charlie Parker, Dizzy Gillespie àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé irú jáàsì tuntun kan jáde tí wọ́n ń pè ní bíbọ́ọ̀pù. Ó yára, ó takókó, kì í ṣe orin tí ènìyàn ń fi jó ijó ìgbéyàwó. Etí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Dizzy, tó ń fọn kàkàkí, máa ń dé fìlà bẹ́rẹ́ẹ̀tì, ó máa ń wọ awò tí férémù rẹ̀ nípọn, ó sì dá irùngbọ̀n díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ètè. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ káàkiri fi ń dé irú fìlà yẹn, tí wọ́n ń wọ irú awò yẹn, títí kan àwọn tí ojú wọn kò ní àìsàn kankan. Fìlà rọrùn-ún rà ju kàkàkí lọ. Àwọn ọmọ òyìnbó náà tẹ̀lé wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1957, tí òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Norman Mailer, kọ àròkọ rẹ̀ nípa wọn, hípísítà ti di orúkọ ọmọ aláwọ̀ funfun tó fẹ́ máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀, kó sì máa gbádùn ayé bí aláwọ̀ dúdú, láìjẹ ìyà tí aláwọ̀ dúdú ń jẹ. Ara ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n ti yọ “hippie” ní ọdún 1960 síwájú. Ìtàn àwọn yẹn yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sùn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jí, ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1990, Williamsburg ní Brooklyn ló ti jí, ní New York kan náà. Ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ wà tí owó wọn kò wọ́n, ọkọ̀ ojú irin kan sì ń ti ibẹ̀ lọ tààrà sí Manhattan. Àwọn ayàwòrán, olórin àti òǹkọ̀wé tí kò lówó kó lọ síbẹ̀. Ẹ ti mọ ìmúra wọn: irùngbọ̀n, ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì onílà tí àwọn agégẹdú máa ń wọ̀, awò tó nípọn, kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà, àwo orin àtijọ́, kámẹ́rà fíìmù, aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí. Ẹ rí i pé ọmọ mi yẹn pé síbẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ kò dé Amẹ́ríkà rí.

Nígbà tó yá, àwọn tó ní owó gbọ́ pé ibẹ̀ dùn. Ní ọdún 2005, ìjọba ìlú náà yí òfin ilẹ̀ padà, kí wọ́n lè kọ́ ilé gíga sí etí odò. Owó ilé gbéra. Àwọn ará Puerto Rico tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ rí i pé apá àwọn kò ká a mọ́. Orúkọ tí àwọn ènìyàn wá fi ń bú ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ni hípísítà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣe rìn láti ọ̀làjú dé ṣekárími. Ẹ̀sùn tó wà nínú rẹ̀ ni pé: o kò fẹ́ràn nǹkan yìí, ńṣe lo fẹ́ kí wọ́n rí ọ pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí ló fi jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní kí aláró dìde nínú gbọ̀ngàn yìí, n óò dìde. Bí a bá ní kí awakọ̀ dìde, awakọ̀ á dìde. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù ní Brooklyn kí ẹ ní kí hípísítà dìde, olúkúlùkù á máa wo ẹni tó jókòó tì í.

Ní ọdún 2014, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Jonathan Touboul gbé ìṣirò kan jáde lórí ìdí tí àwọn tó fẹ́ yàtọ̀ fi máa ń jọra wọn. Bí mo ṣe yé e sí nìyí. Ká ní gbogbo ènìyàn ń wọ ankara aláwọ̀ ewé lọ sí òde ní Òṣogbo. Ìwọ ní o kò ní bá wọn wọ̀ ọ́, o lọ ra léèsì funfun. Ní Òkè-Fìà, ní Ìgbọ̀nà, ní Òkè Bàálẹ̀, àwọn ọgọ́rùn-ún mìíràn jókòó sí ilé wọn, ohun kan náà ni wọ́n rò, nítorí aṣọ aláwọ̀ ewé kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹnì kejì òun ti ra funfun. Ọjọ́ tí ẹ bá jọ dé òde ni ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti di ẹgbẹ́. Ìròyìn ló pẹ́ dé, ohun tí ìṣirò náà sì dá lé nìyẹn: bí àkókò bá máa ń kọjá kí ènìyàn tó mọ ohun tí àwọn yòókù ń ṣe, àwọn tó ń sá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn á jọ sá gba ọ̀nà kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn MIT Technology Review kọ nípa ìṣirò yìí, wọ́n sì fi àwòrán ọkùnrin kan sí i: irùngbọ̀n, fìlà, ṣẹ́ẹ̀tì onílà. Ọkùnrin kan bínú kọ̀wé sí wọn pé àwòrán òun ni wọ́n lò láìgba àṣẹ, pé wọ́n sì ti ba òun lórúkọ jẹ́. Wọ́n lọ yẹ àwòrán náà wò lọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún wọn. Ẹlòmíràn pátápátá ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó bínú náà gbà nígbẹ̀yìn pé òun kọ́.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín in. Ọkùnrin yẹn wo ojú ẹlòmíràn, ó rò pé ojú òun ni, ohun tó sì dùn ún jù ni orúkọ tí wọ́n kọ mọ́ ojú náà. Ìyẹn ni orúkọ bẹ́ẹ̀ máa ń fi ènìyàn ṣe. Wọn kò rí ọ mọ́. Aṣọ rẹ ni wọ́n ń rí, aṣọ náà sì jọ ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn.

N kò ní purọ́ fún yín o, òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òkìrìkà. Ìyá mi ra òkìrìkà fún wa nítorí kò rí owó aṣọ tuntun, ó sì máa ń sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì kí òórùn àpò lè kúrò lára rẹ̀ kí a tó wọ̀ ọ́ lọ sí iléèwé, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa má baà mọ̀. Lónìí, ọmọ ẹni tó ní mọ́tò mẹ́ta ń jí lọ bẹ̀rẹ̀ síbi òkìrìkà kí ìyá oníṣòwò kékeré tó dé, ó ń ṣa èyí tó dára jù, ó sì ń ya fọ́tò rẹ̀. Owó ti gun òkìrìkà nítorí irú wọn. Ẹni tó bá wọ aṣọ òtòṣì nítorí pé ó wù ú, tó sì lè bọ́ ọ nígbàkígbà, kò tíì mọ ohun tó wà nínú aṣọ náà. Bí wọ́n bá fi orúkọ kan bú u, n kò ní gbèjà rẹ̀. Mo mọ bí ó ṣe rí lára mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Síbẹ̀, ibi tí mo ti ń bá àwọn tó ń bú wọn jà ni ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ohun ìbílẹ̀ kì í ṣe fún ọmọ tuntun, pé ẹni tí kò bá bá a nílé kò gbọ́dọ̀ lọ wá a. Aró ti pẹ́ lọ́wọ́ Yorùbá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti igi ìgbálẹ̀ ya yìí, àràbarà lòun nígbà kan rí. Aṣọ funfun tí ń ti òkè òkun wá, tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ló jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ìyá wa lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Òfì nípọn jù fún un. Ní ọdún 1935 tí George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú òun àti ìyàwó rẹ̀ ni àwọn ìyá wa yà sórí àdìrẹ. Nínú irú àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n yà síbẹ̀. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìgboro ni wọ́n ń yà! Ká ní ẹnì kan ti dúró ní ẹnu ọ̀nà ìdí aró nígbà náà pé ṣekárími ni gbogbo ẹ̀yin wọ̀nyí, kí ni n bá fi kọ́ ọmọ yìí lónìí?

Ìlú wa yìí ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ náà ju ìlú mìíràn lọ. Ní ọdún 1964, ọ̀dọ́kùnrin kan bá oníṣòwò oògùn kan wọ Òṣogbo. Ijó ló ń bá a jó, kí àwọn ènìyàn lè pé jọ ra oògùn. Wọ́n rán nọ́ńbà “Seven-Seven” sí ẹ̀yìn bùbá rẹ̀, bọ́tìnnì tò sí ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀, bàtà rẹ̀ ṣẹnu ṣóńṣó. Ẹ fojú inú wò ó bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe máa kọjá ní Ọjà-Ọba. Ó ní òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú ìbejì tí ìyá òun bí nígbà méje, ibẹ̀ ló ti mú orúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Twins Seven-Seven kí ẹnikẹ́ni tó rí àyè sọ ọ́ ní nǹkan mìíràn. Ó wọ ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe lọ́dún náà, ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya iwin àti òrìṣà. Ní ọdún 2005, UNESCO fi í joyè Akọ́ṣẹ́ọnà fún Àlàáfíà.

Ibi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti wáyé, ilé ọtí Dúró Ládipọ̀ ni tẹ́lẹ̀, òun àti Ulli Beier ló sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ọnà ní ọdún 1962. Dúró fúnra rẹ̀ ti gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde ní ilé ìjọsìn ṣáájú ìgbà náà, wọ́n sì kọ̀ ọ́ fún un. Wọ́n pe ilé náà ní Mbari, ọ̀rọ̀ Igbo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu àwọn ìyá ọlọ́jà Òṣogbo, wọn kò bú u, wọn kò sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, bí a bá rí i a ó yọ̀, orúkọ tó sì mọ́ ọn lára dòní nìyẹn.

Ó yẹ kí n dárúkọ Adùnní, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè. Susanne Wenger, ọmọ Graz ní Austria, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Òyìnbó tó wọ àdìrẹ, tó ń bọ òrìṣà. Bí a bá ń wá ẹni tí orúkọ hípísítà bá mu, ta ló tún kù? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi lè pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ń gégi nínú igbó Ọ̀ṣun, tí àwọn kan fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ dáko, òun àti àwọn bíríkìlà, àwọn agbẹ́gilére, irú wọn bí Adébísí Àkànjí àti Kàsálì Àkàngbé, dúró sínú igbó náà, wọ́n ń mọ ère. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo rẹ̀. Ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Adùnní kú, níhìn-ín, láàárín wa. Ọdún 59 kì í ṣe fọ́tò. Ẹni tí wọ́n bá ní ó ń ṣe àṣehàn, ẹ fún un ní àkókò. Àárẹ̀ máa ń mú ẹni tó ń ṣe àṣehàn.

Ṣùgbọ́n àkókò yìí gan-an ni àwọn kan kì í fún ọmọ ẹni. Ní Brooklyn, bí wọ́n bá pè ọ́ ní hípísítà, ojú á tì ọ́, o óò lọ fá irùngbọ̀n. Níhìn-ín, orúkọ tí wọ́n ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi yìí ń bọ̀ láti Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn tó gbé ìbọn dúró lójú ọ̀nà sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Wọ́n wo irùngbọ̀n, wọ́n wo ṣòkòtò, wọ́n wo kọ̀ǹpútà inú báàgì, wọ́n ní, “Ọmọ yàhúù.” Kò sí ìbéèrè kankan. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n tú u. Àwòrán aṣọ ni wọ́n bá níbẹ̀, àdìrẹ lórí àdìrẹ. Wọ́n fi í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Owó tó fẹ́ fi ra èlú fún mi ló fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Èyí ni kì í jẹ́ kí n lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kún oríta Ọláìyá níhìn-ín fún ìwọ́de EndSARS, ẹ rántí ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ń sọ pé irun àwọn kì í ṣe ẹ̀rí, pé fóònù àwọn kì í ṣe ẹ̀rí. Àwa òbí náà ti kọ́kọ́ sọ wọ́n lórúkọ nínú ilé kí ẹni tó gbé ìbọn tó sọ wọ́n lórúkọ lójú títì. Èmi náà wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ wọ àgbàlá mi pẹ̀lú irùngbọ̀n àti kámẹ́rà, ohun tí mo sọ nínú ọkàn mi kò dára, ó sì tó oṣù kan kí n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ níwájú yín, ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa ní Òṣogbo ni pé nígbà tí Lárọ̀óyè àti Tìmẹ́hìn ti Ìpólé dé etí odò, tí wọ́n gé igi, igi náà wó sínú omi, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ohùn kan bínú ké láti inú omi, ó pè wọ́n ní oṣó inú igbó. Ìlú aró ni wá, orúkọ tí ẹni tí a fọ́ ìkòkò rẹ̀ pè wá ni a sì ń jẹ́. A kò fi í sílẹ̀ nítorí pé inú bíbí ló ti wá. A jókòó, a mọ ìkòkò mìíràn.

Ẹ óò fẹ́ mọ èsì tí mo fún ọmọ náà. Mo ní n kò mọ̀ bóyá èébú ni lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kó pè kó bi í. Mo ní èmi ní ìkòkò kan tí mo fẹ́ ṣí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó má pẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti dé, láìgbé kámẹ́rà. A ṣí ìkòkò, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, kò tíì mú.” Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lóòótọ́ ni, kò tíì mú. A da eérú díẹ̀ sí i, a dé e padà.